Ìbínú Òdodo Tí Mo Fi Lé Nìmótà Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fún mi láyè kí n jókòó tì yín díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti jí lónìí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, òun náà sì ni ẹni tí ó wá wo mítà iná. Kóósé ni mo ń dín ní ọjà Asafo, ní ìlú Kumasi, ní Ghana. Àkàrà ni àwa Yorùbá ń pè é, ṣùgbọ́n bí o bá ní àkàrà fún ará Kumasi, yóò kàn máa wò ọ́ lójú ni. Bí mo bá délé ní Moshie Zongo, èmi nìkan ni mo ń jẹun, èmi nìkan ni mo ń kírun, ìgbà mìíràn mo máa ń sọ fún ara mi sókè pé ó ti rẹ̀ mí, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ènìyàn nínú yàrá. Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní Tema, wọ́n sì ń pè mí ní Jímọ̀ Jímọ̀. Kì í ṣe àìsí ọmọ ni ó sọ mí di aládàágbé báyìí. Ẹnu mi ni, àti ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ́ nígbà tí mo ti di àgbà, tí mo sì lò bí kò ṣe yẹ kí n lò ó. Ọ̀rọ̀ náà ni ìbínú òdodo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Kumasi níbí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Láti kékeré ni inú ti máa ń bí mi. Ìyá mi ń pè é ní ìkanra. Bàbá mi ní inú fùfù ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kò pè é ní nǹkan kan, yóò kàn wọ bàtà rẹ̀ ni, yóò gba mọ́sálásí lọ. Àwọn Asante tí a jọ ń tajà náà mọ̀ mí. Bí wọ́n bá ti rí i pé mò ń fi agbára da ẹ̀wà sínú epo, wọn á ní, "Maame, wo bo afu anaa?" wọ́n ń bi mí bóyá inú ń bí mi nìyẹn. Gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ fún ìbínú nígbà náà, orúkọ àléébù ni. Nítorí náà ojú máa ń tì mí bí mo bá ti bínú tán. Mo máa ń di kóósé gbígbóná sínú bébà lọ fún ẹni tí mo jágbe mọ́, mo máa ń ní kí ó má bínú, èmi náà ò mọ ohun tí ó ṣe mí. Ìtìjú yẹn ni ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè bá mi gbé, mi ò mọ̀.

Ní oṣù ààwẹ̀ kan, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, áàfáà ọ̀dọ́ kan tí ó kàwé dé láti ìlú àwọn Lárúbáwá ń ṣe wáàsí fún wa lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Ó ní ìbínú oríṣìí méjì ni ó wà. Ó ní èyí tí ènìyàn ń bí nítorí ara rẹ̀, nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tàbí wọ́n fojú di í, kí á máa pa á bí a ṣe ń pa iná. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá bí nítorí Ọlọ́hun, nígbà tí wọ́n bá rẹ́ aláìlágbára jẹ tàbí tí wọ́n bá ba ohun ọ̀wọ̀ jẹ́, ìbínú òdodo ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀san rere sì wà fún un. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ mí lára tó. Ó dà bí ẹni pé télọ̀ kan ti wọn mí tẹ́lẹ̀ kí ó tó gé aṣọ náà. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń pè mí ní onínúfùfù, àfi ìgbà tí ẹnì kan wá fún mi ní orúkọ tí ó ní ẹ̀san nínú. Mo wo òòrùn, mo rí i pé àwọn tí yóò fi kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, àti kóósé ṣínu ti fẹ́ máa tò síwájú àtẹ mi ní Asafo. Mo ká ẹní mi, mo dìde. Áàfáà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí mo jáde.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tí ó da omi ìfọṣọ sí ojú ọ̀nà tí a ń gbà lọ kírun, ìbínú òdodo ni mo fi dá a lóhùn. Ọmọ mi obìnrin tí kò rántí kí mi kú ààwẹ̀, ìbínú òdodo ni mo fi pa fóònù mọ́ ọn létí. Awakọ̀ tròtrò tí kò dúró ní ibi tí mo ní kí ó dúró, òun náà gba tirẹ̀. Mi ò wá di kóósé lọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ Ọlọ́hun tún ń tọrọ àforíjì ni? Ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sùn fọnfọn. Bí ẹnì kan bá ti ní Ìyá Oníkóósé, ẹ rọra, n ó ní kì í ṣe nítorí ara mi.

Nìmótà ni ọ̀rẹ́ mi. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pè mí. Àwa méjèèjì ni a ń wẹ òkú obìnrin fún àwọn Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní àdúgbò wa, ó tó ogún ọdún. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè mọ bí ó ṣe ń so ènìyàn méjì pọ̀. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó ta aṣọ bo òkú, èmi á máa bu omi, òun á máa fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́ lábẹ́ aṣọ, apá ọ̀tún kí a tó bọ́ sí òsì, a ò ní sọ̀rọ̀ àfi èyí tí ó bá kan iṣẹ́. Bí a bá ti fi kánfọ̀ sí i lára, tí a dì í sínú aṣọ funfun tán, tí àwọn ọkùnrin gbé e lọ, àwa méjèèjì á jókòó sí ẹ̀yìn ilé, a ó mu kókó láìwo ojú ara wa. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí gbogbo wa mọ̀. Ohunkóhun tí olùwẹ̀ bá rí lára òkú, ìbáà jẹ́ àpá, ìbáà jẹ́ àléébù, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Obìnrin tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bo ara, àwa ni yóò wá rí i gbẹ̀yìn, kò sì ní lè fa aṣọ bo ara rẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ààwẹ̀ yẹn ni ìyá kan kú láàárín wa. Ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Ràbí ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Asafo, kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń dín kóósé. A wẹ ìyá Ràbí, a sì rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí ohun tí a rí. Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní í sọ ọ́ mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tí ìyá náà fi pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò ni, ohun tí yóò mú kí àwọn ènìyàn máa ronú nípa rẹ̀ bí wọn kò ṣe ronú nígbà tí ó wà láyé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo gbé ẹ̀wà mi lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta tí a ń pè ní níkà-níkà, ni obìnrin kan bá fi ẹnu sí mi létí, ó sọ ohun tí ó wà lára ìyá Ràbí fún mi bí ó ṣe rí gan-an. Àwa méjì péré ni a wà nínú yàrá yẹn, èmi kò sì sọ ọ́. Mo gba ilé Nìmótà lọ tààrà. Kò parọ́ fún mi. Ó ní ohun tí òun rí wọ òun lọ́kàn, kò jẹ́ kí òun gbádùn, òun wá sọ ọ́ fún ìyàwó àbúrò ọkọ òun kí ó lè bá òun ṣàdúà fún olóògbé. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe."

Inú tí ó bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó tọ́. Títí di òní mo ṣì gbà pé ó tọ́. Nìmótà ṣe ohun tí kò dára, ẹni tí ó sì ṣe é sí kò lè gbèjà ara rẹ̀. Bí a bá ti jọ dìde níbẹ̀, kí a lọ bá ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ àti obìnrin ibi níkà-níkà, kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ẹnu mọ́, ìbá parí síbẹ̀. Àwa mẹ́rin péré ni a mọ̀ ọ́n, èmi, Nìmótà àti àwọn méjì yẹn. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo lọ ilé, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rin tọ́jú ìbínú mi títí ọjọ́ Àìkú fi pé.

Ọjọ́ Àìkú ni àwa obìnrin máa ń pé jọ fún àsàlátù. A tó ogójì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ṣàdúà tán, mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dìde dúró. Mo ní kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe dìde, mo ní ìbínú òdodo ni ó ń bí mi. Mo pe Nìmótà ní orúkọ níwájú gbogbo wọn. Mo ní ó ti tú òkú síhòòhò. Ojú gbogbo wọn wà lára mi, ìyá àgbà tí ó jẹ́ olórí wa sì ń mi orí. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn wá bèèrè pé kí ni Nìmótà tilẹ̀ sọ tí ó burú tó bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn. Mo sọ ohun tí a rí lára ìyá Ràbí, mo sọ ọ́ kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ Nìmótà ṣe pọ̀ tó. Ó sì dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Mo rí Nìmótà tí ó fi ìborùn bo ojú. Mo rí Ràbí náà, ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà ogójì ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, kò rí i, ó fi ẹsẹ̀ lásán jáde. Mo rò pé Nìmótà ni inú ń bí i sí.

Ọjọ́ kejì, Ràbí wá dúró níwájú àtẹ mi. Mo fún un ní kóósé, kò gbà á. Ó ní, "Màámi, Màmá Nìmótà ọ̀rẹ́ yín wá kúnlẹ̀ fún mi lánàá, wọ́n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ènìyàn mẹ́rin ni ó mọ̀ kí ẹ tó dìde. Èmi ò tíì gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi." Kò pariwo. Bí ó bá pariwo ni, ìbá sàn fún mi. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Inú bí mi sí òun náà. Mo ní ọmọ òde òní kò mọ ẹni tí ó ń gbèjà rẹ̀, mo sì padà sídìí epo mi.

Nìmótà wá kí mi ní ọjọ́ kẹta, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tí Iléyá tí ó tẹ̀lé e dé, ó fi ẹran ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n gbé e padà. Gbogbo wa ni wọ́n ti kọ́ pé Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ bá ẹnì kejì rẹ̀ yan odì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo kàn sọ fún ara mi pé ìbínú lásán ni òfin yẹn wà fún, kò kan èyí tí a bá ń bí nítorí Ọlọ́hun. Ẹ wo bí mo ṣe gbọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Kí ìyá Ràbí tó kú, àwọn ẹbí òkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè Nìmótà ju èmi lọ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ní ilé kan báyìí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún un lórúkọ, wọ́n sì ní "àti ẹnì kejì rẹ̀." Èmi ni ẹnì kejì rẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ó dùn mí, mo sì gbé e mì. Ẹ wá bá mi rò ó, lọ́jọ́ Àìkú yẹn, èwo nínú ìbínú mi ni ti òkú, èwo ni ti ẹnì kejì?

Nìmótà kò wá mọ́. Kò wá sí àsàlátù mọ́, kò sì wẹ òkú mọ́. Mo rò pé èmi ni yóò kù fún iṣẹ́ náà, àṣé mi ò mọ nǹkan kan. Àwọn obìnrin ń kí mi, wọ́n ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ létí mi? Nígbà tí ẹnì kan bá kú, wọn á ní, "Ìyá, ẹ sinmi, àwọn ọ̀dọ́ á ṣe é." Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan kú nínú ilé tí ó kan tèmi, ògiri kan ni ó wà láàárín wa. Mo ṣe àlùwàlá, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo jókòó sórí àpótí, mo ń retí kí wọ́n wá pè mí. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi. Mo gbọ́ nígbà tí omi dá. Wọn kò pè mí.

Mo bínú lọ bá áàfáà ọ̀dọ́ tí ó ṣe wáàsí ìjọ́sí, kí ó lè bá mi dá ẹjọ́ náà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá, ẹ máà bínú. Ọjọ́ yẹn, ẹ dìde kí n tó parí." Ó ní lẹ́yìn tí mo jáde ni òun sọ bí a ṣe ń mọ ìbínú òdodo yàtọ̀. Ó ní ẹni tí inú ń bí nítorí ẹlòmíràn, bí yóò ṣe bo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá. Ó ní bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá sì ti gbà pé òun ṣẹ̀, tí ó ń bèèrè ohun tí yóò ṣe, ìbínú náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, ti ara wa ni. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ta ni ẹ bò lọ́jọ́ náà?" Mo wá ẹni tí mo bò, mi ò rí. Mo gba ọ̀nà ilé, mo jókòó sórí ẹní, ìtìjú àtijọ́ tí mo ti lé lọ náà sì padà wá bá mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìbínú òdodo ni mi ò ti rí i mọ́.

Mo lọ bẹ Ràbí. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ó ti kó òwú àti bọ́tìnnì rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ọjà lọ́hùn-ún, kì í gba iwájú mi kọjá mọ́. Nígbà tí mo béèrè Nìmótà, wọ́n ní àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní àdúgbò Dichemso. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ó ti wà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Mo fi í sọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rù ń bà mí. Alámìísì tí ó kọjá yìí ni mo dín kóósé díẹ̀, mo wọ tròtrò, mo lọ.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Asante ni, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ń da omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní òun fẹ́ wẹ Màmá ni, kò lè dá wẹ̀ mọ́. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá mi sọ fún Nìmótà pé mo ṣẹ̀ ẹ́, pé kí ó jẹ́ kí n wọlé, kí ó jẹ́ kí èmi wẹ̀ ẹ́ lónìí. Ó wọlé. Mo ń gbọ́ ohùn Nìmótà láti inú yàrá, ohùn náà ti wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde, kò wo ojú mi. Ó ní, "Maame, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀wọ́, Màmá ní òun ò bínú. Wọ́n ní àwọn ò bínú rárá, koraa. Wọ́n ní ẹ ṣeun, kí ẹ máa lọ ilé." Ó bá mi gba kóósé náà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró níbẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Bí ó bá bú mi ni, n ó mọ ohun tí n ó ṣe. Èmi mọ ìbínú dáadáa. Ẹni tí ó bá ń bínú sí ọ ṣì ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, o lè bẹ̀ ẹ́, o lè rán àgbà sí i, o lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òun ò bínú, tí kò sì ní kí o wọlé, kí ni o fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti Alámìísì. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ó sọ, pé ó ti dárí jì mí, kò kàn fẹ́ kí n fojú kan ìhòòhò òun ni. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó ti rí ohun tí mo ń fi ìhòòhò ẹlòmíràn ṣe.

Ẹ̀yin tí inú ń bí nítorí ohun tí ó tọ́, mi ò ní kí ẹ má bínú. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí áàfáà bi mí, kí ẹ tó dìde, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni èmi ń wá lọ́dọ̀ yín o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ènìyàn rí, tí onítọ̀hún ní òun kò bínú, tí kò sì ṣílẹ̀kùn fún yín, ṣé ẹ padà lọ? Àbí ẹ jẹ́ kí ó sinmi? Àwọn ọmọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó ti ní òun ò bínú, kí ni mo tún ń fẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. A ti dàgbà, àwa méjèèjì. Bí Nìmótà bá kú kí n tó kú, áàfáà lè ní kí n wá bá wọn wẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tó mi mọ́. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ìgbà tí kò bá lè kọ̀ fún mi mọ́ ni n ó tó fọwọ́ kàn án.